Owó Orí àti Ilé-Iṣẹ́ Tí Kò Ní Orí: Ohun Tí Àwọn Obìnrin Ẹ̀gbá Béèrè

Ó pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ṣe ìlérí pé n ó kọ nǹkan lórí ọ̀rọ̀ náà, "owó orí", àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì kan kò sì jẹ́ kí n gbàgbé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. N kò fẹ́ kọ ọ́ bí ẹni tí ń ka ìwé òfin, mo sì ń wá ẹnu ọ̀nà tí n ó gbà wọlé. Àpótí aṣọ ìyá ìyá mi ni mo wá bá wọlé nígbẹ̀yìn.

Aláró ni Màmá, ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Nígbà tí wọ́n papò dà, tí a ń tú ẹrù wọn, a bá ìwé pélébé mẹ́rin nísàlẹ̀ àpótí, tí wọ́n fi gèlè àdìrẹ kan dì, tí wọ́n sì so ó ní kókó mẹ́ta. A rò pé ìwé ilẹ̀ ni. Ìwé owó orí ni. Èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn jẹ́ ti ọdún 1946. Màmá kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n wọ́n tọ́jú ìwé mẹ́rin yìí ju ìlẹ̀kẹ̀ wọn lọ. Mo bi ìyá mi léèrè ìdí rẹ̀. Ìyá mi ní, "Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ fi hàn ni wọ́n ń mú lọ. Bí Màmá bá ń lọ sí odò, wọn a mú un dání. Bí wọ́n bá ń lọ sí ọjà, ó wà ní ìdí aṣọ wọn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ nípa owó orí nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Ohun tí mo rí yàtọ̀ díẹ̀ sí ìtàn tí a fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Wọ́n kọ́ wa pé àwọn obìnrin Ẹ̀gbá bá ọba jà, wọ́n sì lé e kúrò lórí ìtẹ́. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé, ìbéèrè náà kò sì tíì gbó títí di òní: èé ṣe tí ìjọba fi ń ka orí aláró, tí kò ka ti ilé òwò òyìnbó tí ó ń ta aṣọ fún un?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Owó orí ni owó tí a ń san nítorí pé a ní orí lọ́rùn. Kò sọ ohun kan nípa ohun tí ó wà nínú àpò. Àwọn baba wa ní orúkọ mìíràn fún oríṣiríṣi owó tí ìlú ń gbà, ọ̀pọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí ni ó sì ń sọ ibi tí owó náà ti wá. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń mú wá lẹ́yìn ìkórè. Owó ibodè ni oníṣòwò ń san fún oníbodè bí ó bá ń gbé ẹrù wọ ìlú tàbí tí ó bá ń gbé e jáde. Àwọn Pàràkòyí, ìyẹn àwọn olóyè ọ̀rọ̀ òwò nílẹ̀ Ẹ̀gbá, a máa gba tiwọn lọ́wọ́ ọlọ́jà. Bí a bá yọ owó òde tí wọ́n ń bù fún agboolé sẹ́yìn, ẹni tí ó gbé ẹrù púpọ̀ ni ó ń san púpọ̀. Ẹni tí ó bá gbé ọwọ́ òfo dé ibodè, ọwọ́ òfo náà ni ó fi ń kọjá.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí sọ ayé àtijọ́ di ọ̀run. Ìwọ̀fà ń bẹ, ẹrú ń bẹ, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lóko ìjòyè ń bẹ. Owó orí ni gbogbo wọn, ara ni a fi ń san án. Oníbodè tí ohun tí ó ń jẹ pọ̀ ju ohun tí ó ń fi jíṣẹ́ lọ kò sì ṣọ̀wọ́n.

Títí di ọdún 1914 ni Ẹ̀gbá fi ń ṣàkóso ara wọn, lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1893. Owó ibodè sì ni òpó tí ó gbé ìṣúra wọn ró. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Ìjemọ̀ ní oṣù kẹjọ 1914, níbi tí àwọn ọmọ ogun ti yìnbọn pa ènìyàn púpọ̀, òmìnira yẹn parí. Lugard, tí í ṣe Gómìnà Àgbà nígbà náà, kò nífẹ̀ẹ́ sí owó ibodè. Ohun tí ó ti lò nílẹ̀ Òkè Ọya ni ó fẹ́ gbìn sí gúúsù: kí olúkúlùkù máa san owó fún ìjọba ní tààrà, lọ́dọọdún. Ní oṣù kìíní 1918 ni ó bẹ̀rẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Ọkùnrin ń san ṣílè márùn-ún, obìnrin ń san ṣílè méjì àti sísì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró níbí díẹ̀. Owó ẹyọ ti ń kúrò lọ́jà ní àkókò náà, ṣùgbọ́n kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000 owó ẹyọ, ni wọ́n ń pe ṣílè márùn-ún. Nítorí náà ọ̀kẹ́ kan ni owó orí ọkùnrin, ẹgbàárùn-ún sì ni ti obìnrin. Pọ́n-ùn kan jẹ́ ọ̀kẹ́ mẹ́rin. Ẹ fi ìṣirò yìí sọ́kàn, a ó tún pàdé rẹ̀ nígbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbẹ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1918 náà ni ogun bẹ́, èyí tí a mọ̀ sí Ogun Adùbí. Kì í ṣe owó orí nìkan ni ó fà á. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ní ojú ọ̀nà náà wà nínú rẹ̀. Wọ́n hú irin rélùwéè, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa Òṣílẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú ogun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni ìjọba kó wá bá wọn. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó kú. Owó orí kò kú ní tirẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Yorùbá, orí ọkùnrin nìkan ni ìjọba ń kà. L'Abẹ́òkúta, orí obìnrin wọ inú ìwé lọ́tọ̀, ìbáà lọ́kọ tàbí kí ó má lọ́kọ, ìbáà rí ọjà tà tàbí kí ó má rí i tà. Ọmọbìnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí san án ní ọmọ ọdún 15, ọmọkùnrin ní ọmọ ọdún 16. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìwé ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ojú ni agbowó orí fi ń díwọ̀n ọjọ́ orí. Ẹ̀sùn tí ó sì dun àwọn ìyá jù lọ ni pé wọ́n ń bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọdébìnrin láti mọ̀ bóyá wọ́n ti tó ẹni tí ń san owó orí. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ẹgbàárùn-ún yìí pẹ̀lú ojú ìṣirò. Kí a sọ pé aláró méjì wà ní àdúgbò kan. Ọ̀kan ní ìkòkò aró bíi mẹ́wàá àti àwọn ọmọ iṣẹ́, ó sì ń jèrè £40 lọ́dún. Èkejì ní ìkòkò kan ṣoṣo, èrè rẹ̀ lọ́dún kò ju £4 lọ. Ṣílè méjì àti sísì ni àwọn méjèèjì yóò san. Lọ́dọ̀ ẹni kejì, ìdá kan nínú 32 èrè rẹ̀ ni. Lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, ìdá kan nínú 320. Àpẹẹrẹ lásán ni èyí, èmi ni mo dá ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n bí owó orí ọgbọọgba ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn níbikíbi. Ìjọba lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun kò ṣe ojúsàájú, nítorí pé iye kan náà ni òun gbà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó ru ẹrù nìkan ni ó mọ̀ pé ọrùn kò nípọn bákan náà.

A kò lè sọ pé ìjọba kò mọ ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 1940, òfin owó orí tuntun dé Èkó. Ó ní kí obìnrin tí ó bá ń rí ju £50 lọ́dún san owó orí. Madam Alimotu Pẹ̀lẹ́wùrà, olórí àwọn obìnrin ọlọ́jà, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde ní oṣù kejìlá ọdún náà. Kò pẹ́ tí ìjọba fi gbé ààlà náà kúrò ní £50 sí £200. Bí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ l'Abẹ́òkúta, a ó dé Èkó kí ọjọ́ tó lọ. Síbẹ̀ àpò ni wọ́n ń wò ní Èkó, orí ni wọ́n ń kà l'Abẹ́òkúta. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ó wà lórí ìlú méjèèjì.

Mo dé ibi tí mo ń lọ wàyí. Ẹgbẹ́ tí ó gbé ọ̀rọ̀ owó orí l'Abẹ́òkúta kò bẹ̀rẹ̀ bí ẹgbẹ́ ìjà. Àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ni ó dá a sílẹ̀, àwọn ìyàwó olùkọ́ àti ti àlùfáà, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní aṣọ rírán àti oúnjẹ sísè. Funmilayo Ransome-Kuti ni olórí wọn. L'Abẹ́òkúta ìgbà náà, "oníkàbà" ni wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀, nítorí káábà òyìnbó tí ó ń wọ̀. "Aróṣọ" ni wọ́n ń pe ìyá ọlọ́jà tí ó ń ró ìró. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé tí Wole Soyinka kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Aké, tí ó jáde ní 1981, yóò ti pàdé ọ̀rọ̀ méjèèjì. Mo fẹ́ràn wọn gidigidi, nítorí pé wọ́n fi aṣọ sọ ohun tí ìwé ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ń fi ojú ewé mẹ́wàá sọ. Oníkàbà kì í ṣe olówó. Owó oṣù ọkọ rẹ̀ ni ó ń jẹ, tàbí ti ara rẹ̀ bí ó bá jẹ́ olùkọ́, owó oṣù náà sì wà nínú ìwé tí ìjọba lè ṣí wò nígbàkígbà. Aróṣọ ni ó pọ̀ jù nílùú. Lókè orí àwọn méjèèjì ni àwọn ilé òwò ńlá wà.

Ní 1944, ọ̀rẹ́ Ransome-Kuti kan mú ìyá ọlọ́jà kan wá bá a, tí ó fẹ́ mọ ìwé kà. Láti ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ àgbà ti bẹ̀rẹ̀, láti ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni àwọn oníkàbà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lọ́jà. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n gbọ́ ni ọ̀rọ̀ ìrẹsì. Lábẹ́ òfin ìgbà ogun, àwọn aláṣẹ ń gba ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á láìsan owó rẹ̀ bí ó ti yẹ. Ẹgbẹ́ náà kọ̀wé, wọn kò gbọ́. Wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn ní 1945, gbígba ìrẹsì náà sì dópin. Ní 1946 wọ́n yí orúkọ ẹgbẹ́ padà sí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo obìnrin. Ransome-Kuti bọ́ káábà sílẹ̀, ó ró ìró, ó wọ bùbá, ó sì ń fi èdè Yorùbá sọ̀rọ̀ ní gbangba. (Àwa tí a ń jà fún èdè yìí, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé ìyẹn.)

Nínú ohun tí wọ́n kọ sí ìjọba, wọ́n kò dúró lórí pé "a kò fẹ́ san". Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ojú sí. Wọ́n ní kí ìjọba yọ owó orí ọgbọọgba kúrò lórí àwọn obìnrin, kí ó sì fi owó orí lé àwọn ilé òwò òyìnbó dípò rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n fi owó ìlú sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ará ìlú, ọ̀nà, ìmọ́tótó àti ẹ̀kọ́. Wọ́n ní kí àṣẹ ìlú kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kí ìgbìmọ̀ tí obìnrin ń bẹ nínú rẹ̀ sì máa ṣe àkóso. Ètò ìnáwó odindi ni wọ́n gbé kalẹ̀: ibi tí owó yóò ti wá, ibi tí yóò lọ, ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n gbé e kalẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè ka ìwé ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n tẹ ìka sí.

Kí ni wọ́n rí lára àwọn ilé òwò wọ̀nyí? Ẹ rántí bí ọjà ìgbà náà ti rí. Ilé-iṣẹ́ U.A.C., tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929 nígbà tí àwọn ilé òwò ńlá kan dàpọ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bíi John Holt, ni ó di ọ̀nà mú ní ìhà méjèèjì. Àwọn ni wọ́n ń ra ekuro àti kòkó tí ó ń lọ sí òkè òkun. Àwọn náà ni wọ́n ń ta aṣọ funfun tí aláró ń rẹ sínú aró, iyọ̀, ṣúgà àti àwọn ohun èlò ilé. Nígbà ogun àgbáyé kejì tí ọjà wọ́n, bí oníṣòwò bá fẹ́ ra èyí tí ó yá, wọ́n lè ní dandan ni kí ó ra èyí tí kò yá pẹ̀lú rẹ̀. Ìyá tí ó bá gbé ọjà tí kò yá dé ilé, àdánù tirẹ̀ ni. Agbowó orí kì í béèrè àdánù.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú òtítọ́ níbí, nítorí pé ó rọrùn láti fi òyìnbó ṣe ìkà inú ìtàn. Kì í ṣe pé ilé-iṣẹ́ kò san ohunkóhun. Òfin owó orí lórí èrè ilé-iṣẹ́ ti wà ní Nàìjíríà láti 1939. Ṣùgbọ́n ìṣúra ìjọba àpapọ̀ ní Èkó ni owó yẹn ń bọ́ sí. Ìṣúra ìbílẹ̀ l'Abẹ́òkúta, tí ó yẹ kí ó ṣe ọ̀nà àti omi fún ìlú, orí ènìyàn ni a fi sílẹ̀ fún un láti máa kà. Ilé-iṣẹ́ ní àkáǹtì, ó ní lọ́yà, ó ní ibùjókòó ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ní orí. Òfin tí a kọ fún orí kò sì lè rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó ga jù lọ́jà. Ní tèmi o, èyí ni àwọn obìnrin Ẹ̀gbá rí kí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé tó rí i. Àwọn ajẹ́lẹ̀ a máa dáhùn pé aróṣọ kì í kọ èrè rẹ̀ sílẹ̀, pé kò sí ọ̀nà tí a lè gbà mọ ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ìdí nìyẹn tí iye kan náà fi dára. Àwíjàre náà ní ìtumọ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ ń kọ tirẹ̀ sílẹ̀ dé orí kọ́bọ̀, nítorí náà ẹni tí ìwé èrè rẹ̀ rọrùn jù láti kà gan-an ni ìlú kò kà.

Ọ̀rọ̀ ìjókòó nínú ìgbìmọ̀ náà ní gbòǹgbò. Tinúubú di Ìyálóde Ẹ̀gbá ní 1864, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ohùn rẹ̀ kò dé ààfin. Lábẹ́ ètò Gẹ̀ẹ́sì, Aláké nìkan ni aláṣẹ, obìnrin kankan kò sì sí nínú ìgbìmọ̀ tí ń pinnu iye tí obìnrin yóò san. Nígbà tí Ransome-Kuti dé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú àwọn aṣojú ẹgbẹ́ N.C.N.C. ní 1947, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Daily Worker pé àwọn obìnrin ilẹ̀ wa ní ẹ̀tọ́ ọgbọọgba kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé. Ó fi àsọdùn díẹ̀ sí i, mo gbà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ 29 àti 30, oṣù kọkànlá, 1947, àwọn obìnrin tí iye wọn lé ní 10,000 yí ààfin Aké ká. Wọ́n sùn síbẹ̀. Aláké Ladapo Ademola Kejì ṣe ìlérí pé òun yóò dá owó orí àwọn obìnrin dúró, wọ́n sì padà sílé. Nígbà tí wọ́n rí i pé wọ́n ṣì ń mú àwọn obìnrin, wọ́n tún padà ní ọjọ́ 8, oṣù kejìlá, wọn kò sì kúrò títí di ọjọ́ 10. Àwọn ọlọ́pàá lo tajútajú àti kóńdó. Ìyá mi ní Màmá wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, pé aṣọ tí wọ́n ró lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi ń nu ojú. N kò mọ ohun tí ó wà lọ́kàn wọn. Aláró tí ó dá ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, aró rẹ̀ lè bàjẹ́. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ náà mọ ohun tí mo ń sọ.

Ní 1948 ìjọba dá owó orí àwọn obìnrin dúró. Aláké kúrò nílùú ní ọdún náà, ó sì kọ ìtẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kìíní 1949. Ní oṣù kejìlá 1950 ó padà. Obìnrin mẹ́rin wọ ìgbìmọ̀ tuntun, Ransome-Kuti sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n béèrè, wọ́n rí ti orí gbà, wọ́n rí díẹ̀ gbà nínú ti ìgbìmọ̀. Owó orí lórí ilé òwò kò sí lára ohun tí wọ́n fún wọn. Bóyá ìdí nìyí tí àwa tí a ń sọ ìtàn náà kì í fi í rántí rẹ̀. Ìtàn ọba tí a lé kúrò dùn í sọ ju ìtàn àkáǹtì lọ.

Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan náà jáde láti oko. N kò ní pẹ́ lórí Àgbẹ̀kọ̀yà, nítorí pé àwọn akọ̀tàn ti ṣe iṣẹ́ tiwọn lórí rẹ̀. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí Adeyinka Adebayo jẹ́ Gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn àgbẹ̀ ìgbèríko Ìbàdàn àti agbègbè mìíràn kọ owó orí ọgbọọgba. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn lè san. Ẹ rántí ìṣirò wa: ṣílè 30, ìyẹn pọ́n-ùn kan àti ààbọ̀. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́tipẹ́, Nàìjíríà ti gba òmìnira, síbẹ̀ ọ̀kẹ́ ni àgbẹ̀ fi ń wọn ohun tí ọrùn rẹ̀ lè gbé. Ó sì ní ẹjọ́ gidi lẹ́nu. Àjọ ìjọba tí ń ra kòkó ti ń yọ tirẹ̀ kúrò lára iye tí kòkó ń pa lókè òkun kí ó tó san owó fún un. Nítorí náà ó ti san owó orí lẹ́ẹ̀kan kí agbowó orí tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Owó kòkó yẹn wà lára ohun tí a fi kọ́ ilé gíga tí a ń pè ní Ilé Kòkó n'Íbàdàn, tí ó parí ní 1965. Ní oṣù kẹsàn-án 1969 àwọn àgbẹ̀ fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Obafemi Awolowo, tí í ṣe kọmíṣọ́nnà ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, ni ó lọ bá Tafa Adeoye, olórí wọn, ní Akanran. Wọ́n fi owó orí náà sí pọ́n-ùn méjì. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ.

Ẹ lè bi mí pé kí ni gbogbo èyí kan àwa. Ní oṣù kẹfà 2025, Ààrẹ Tinubu fi ọwọ́ sí òfin owó orí tuntun, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026. Mo kà á pẹ̀lú ìwé Màmá lọ́kàn. Òfin náà kò gba ohunkóhun lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí ó yẹ kí a gbé owó orí lé lọ́dún. Láti ibẹ̀ ó ń gun àtẹ̀gùn lọ títí dé ìpín 25 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tí ó ń rí owó jù. Ó tún fi ilẹ̀ kan sí abẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ìpín 15 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ọgbọ́n ìwé kò gbọdọ̀ mú wọn san kéré sí. Bí a bá wò ó lórí tákàdá, ìdáhùn sí ìwé ẹ̀bẹ̀ àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ni, tí ó pẹ́ ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún kí ó tó dé. N kò fẹ́ kánjú yìn ín. Tákàdá kọ́ ni ọjà. Oníṣẹ́ oṣù ṣì ni ẹni tí ọwọ́ ìjọba kọ́kọ́ ń bà, nítorí pé wọ́n ti yọ owó orí rẹ̀ kúrò kí owó oṣù tó dé ọwọ́ rẹ̀. Oníkàbà òní nìyẹn. Aróṣọ òní ń san VAT lórí ọ̀pọ̀ ohun tí ó ń rà, iye kan náà pẹ̀lú olówó tí ó ra irú ọjà bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń bi í léèrè ohun tí ó kù nínú àpò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá ṣì ní lọ́yà àti oníṣirò tí ó lè mú èrè gba ìlú mìíràn lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ń ṣe ìtumọ̀ òfin yìí fún iṣẹ́ kíláàsì rẹ̀. Ó bi mí pé kí ni òun yóò pe owó tí ilé-iṣẹ́ ń san lórí èrè rẹ̀. Mo ní kí ó kọ "owó orí ilé-iṣẹ́", bí àwọn ìwé ìròyìn ti ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́, ó wò ó títí, ó ní, "Ẹ gbà mí o, orí wo ni ilé-iṣẹ́ ní?" Mo sọ fún un pé kí ó lọ ka ìtàn Abẹ́òkúta, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe jókòó kọ èyí.

Ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Màmá wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin báyìí. Olùkọ́ ni wọ́n. Inú gèlè àdìrẹ kan náà ni wọ́n kó ìwé owó oṣù tiwọn sí.